Irun Ìyàwó: Láti Àárọ̀ Di Ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ìyá wa tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi onídìrí, ẹ̀yin ìyàwó ojú ọ̀nà, mo kí gbogbo yín o. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń tọ́jú irun sílẹ̀ de ọjọ́ ìgbéyàwó, àti bí a ṣe ń yan irun tí a máa fi kún un. Mo mọ ohun tí púpọ̀ nínú yín ń retí: kí n sọ èyí tó wà lóde, iye tí wọ́n ń tà á, àti ibi tí wọ́n ti ń kó o wá. Màá dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fi sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé: irun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, báwo ló ṣe máa rí ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́?

Àwòrán tí ẹ̀yin ọmọge máa ń gbé wá bá wa nínú fóònù, àárọ̀ ni wọ́n yà á. Ìyàwó jókòó sínú yàrá, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí i lára, gèlè ò tíì kan orí rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì tíì dì mọ́ ọn. Irun wo ni kò ní dára níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé orí ìyàwó lọ sóde. Tó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀, onígèlè ló kọ́kọ́ máa fọwọ́ kàn án. Gèlè aṣọ òkè le, ó sì wúwo, kò sì lè dúró láìjẹ́ pé wọ́n fà á mọ́ iwájú orí dáadáa. Ìyàwó á jó wọlé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìlù ń dún, oòrùn ń ràn. Á kúnlẹ̀ fún bàbá àti ìyá rẹ̀, wọ́n á gbọ́wọ́ lé e lórí, wọ́n á sì ṣàdúrà. Adúrà Yorùbá, ẹ mọ̀ pé kì í kúrú. Á tún lọ kúnlẹ̀ fún ẹbí ọkọ, ọwọ́ mìíràn á tún gun orí. Lẹ́yìn náà ó máa pààrọ̀ aṣọ, ìyẹn ni pé gèlè àkọ́kọ́ á ṣí kúrò, èkejì á dé. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í náwó fún un, iwájú orí ni wọ́n máa lẹ owó mọ́. (Òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 lòdì sí i o, èmi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.) Tó bá sì jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, nẹ́ẹ̀tì ní kọ́ọ̀mù tó máa bu irun jẹ, adé náà ní tirẹ̀, gbogbo àwọn àǹtí tó bá sì dì mọ́ ìyàwó ló máa fa nẹ́ẹ̀tì náà láìmọ̀.

Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ẹ lè ní kó má ṣẹlẹ̀. Ta ló máa sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó má gbọ́wọ́ lé òun lórí lọ́jọ́ yẹn? Nítorí náà, irun ló gbọ́dọ̀ gbà fún òde.

Ohun kan tún wà tí a máa ń gbàgbé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó kọjú sí àlùfáà, ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni ìjọ ń wò fún èyí tó pọ̀ jù nínú ìsìn náà. Síbẹ̀, iwájú la máa ń náwó lé. J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin wa ní ọdún 1968, ó sì fi àwòrán tó tó ẹgbẹ̀rún kan sílẹ̀ kó tó kú ní 2014. Ẹ wo àwọn àwòrán náà bí ẹ bá rí i. Ẹ̀yìn orí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ìyá wa tó di irun wọ̀nyẹn mọ̀ pé ẹni tó wà lẹ́yìn náà ní ojú.

Ó yá, ká bẹ̀rẹ̀ láti orí fúnra rẹ̀. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Oṣù mẹ́ta ni mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ìyàwó. Irun máa ń hù ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, nítorí náà oṣù mẹ́ta á fún wa láyè láti gé ṣóńṣó tó ti là, kí èyí tó máa gbé irun àfikún sì ti hù padà díẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohun gbogbo tó wà lórí ni mo máa ń tú. Mo fẹ́ rí awọ orí. Bí làpálàpá bá wà níbẹ̀, tàbí ibì kan tó ti pá róbótó, ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara ló ń lọ. Oògùn mímu ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tí làpálàpá bá mú lórí, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá wá bá mi nígbà tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́rin, kí ni màá ṣe fún un ju kí n bo egbò mọ́lẹ̀ lọ?

Lẹ́yìn awọ orí, mo máa ń wo ẹ̀bátí méjèèjì. Ibẹ̀ ni irun ti tín-ín-rín jù, ibẹ̀ náà la sì máa ń fà jù. Ọmọge tó ti ń di irun kéékèèké láti ilé ìwé, tó ń lo wíìgì onígọ́ọ̀mù lé e, ẹ̀ ẹ́ rí i pé iwájú orí rẹ̀ ti ń sún sẹ́yìn. Bó bá ṣì jẹ́ pé irun wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, ó ṣeé gbà là: kí ó sinmi dídì, kí ó yé fa iwájú. Ṣùgbọ́n bí awọ ibẹ̀ bá ti ń dán, tí kò sí ihò irun mọ́, àpá ló ti dá sí ìdí irun yẹn. Kò sí òróró tó máa hù ú padà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yín. Irú ìyàwó bẹ́ẹ̀, a máa ń yan irun tí kò ní gbé agbára lé ẹ̀bátí rárá. Ó wà, màá sọ ọ́.

Ní ti rìlásà, ẹni tó bá ń lò ó, kó ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà. Kẹ́míkà tó le gan-an ló wà nínú rẹ̀, ó ń já ohun tó so irun pọ̀ nínú kó tó lè nà. Orí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba rìlásà ò yẹ kí ẹnikẹ́ni di mọ́ra lọ́jọ́ kejì. Ẹ má sì fi èékánná họ orí lóru ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ṣe é, torí ibi tí ẹ bá họ ló máa jó.

Ẹ̀yin tí irun yín jẹ́ ti àdáyébá, iṣẹ́ yín rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ máa fi kọndíṣọ́nà tó nípọn sí i, kí ẹ sì fi òróró àgbọn pa á kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Òróró àgbọn ń wọnú irun, kì í kàn ń dúró lórí rẹ̀. Tó bá wá kù bí ọjọ́ mẹ́ta, tí a fẹ́ kí irun nà, mo máa ń kó o ní òwú. Bẹ́ẹ̀ ni, òwú dúdú tí àwọn ìyá wa fi ń kó irun wa lọ sí ilé ìwé! Mo máa ń ya irun sí ọ̀nà ńláńlá, màá wé òwú mọ́ ọn láti ìdí dé ṣóńṣó, kò ní le, kò ní dẹ̀, á sì sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Bí mo bá tú u, irun á ti nà dọ́gba láìjẹ́ pé iná kankan kàn án. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é fún ìyàwó. Nísinsìnyí àwọn náà ló ń dá a lábàá.

A dé ibi irun àfikún, ibi tí owó ń ṣòfò sí jù.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ìlú gba owó lọ́wọ́ yín. Brazilian, Peruvian tí wọ́n ń kọ sára páálí, orúkọ ọjà ni fún púpọ̀ nínú wọn. Irun tí wọ́n ń pè ní Brazilian ní ọjà Balógun ní Èkó lè má fẹsẹ̀ kan Brazil rí. India ni púpọ̀ nínú irun ènìyàn tó wà lọ́jà àgbáyé ti ń wá. Ní tẹ́ńpìlì Tirumala ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh, àwọn olùjọsìn máa ń fá orí wọn láti san ẹ̀jẹ́, tẹ́ńpìlì á sì ta irun náà ní gbàǹjo. China ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, Xuchang tó wà ní Henan sì jẹ́ ìlú tí iṣẹ́ wíìgì ti gbòòrò gan-an. Nítorí náà, kàkà kí ẹ máa béèrè ìlú, ọwọ́ ni kí ẹ lò.

Ẹ mú fọ́nrán díẹ̀ sáàárín ìka méjì. Ẹ fà á láti ìdí lọ sí ṣóńṣó, á yọ́ lọ. Ẹ wá yí i padà, láti ṣóńṣó bọ̀ wá sí ìdí. Ó yẹ kó há díẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Irun ènìyàn ní èèpo wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí, gbogbo wọn ló dojú kọ ṣóńṣó. Bí fọ́nrán gbogbo bá kọjú síbì kan náà, wọn kì í lọ́ mọ́ra, òun ni wọ́n ń pè ní Remy. Bí wọ́n bá dà á pọ̀, èyí kọjú síhìn-ín, èyí kọjú sọ́hùn-ún, èèpo wọn á máa há mọ́ra. Àwọn ilé iṣẹ́ kan á wá fi ásíìdì jẹ èèpo náà dànù, wọ́n á fi sílíkónì pa á kó lè máa dán. Èyí ló máa ń yọ́ síwájú, yọ́ sẹ́yìn. Nínú ṣọ́ọ̀bù, òun ló dán jù lọ. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ díẹ̀, tí áyọ́ọ̀nù, irin gbígbóná tí a fi ń na irun, bá kàn án, sílíkónì á lọ, irun á sì di ìdọ̀tí.

Ẹ ra irun yín ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ nínú abọ́. Ẹ fi ṣáḿpù sí i lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ṣàn án, ẹ so ó kọ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Irun tó bá dìde tó wú, tó ń lọ́ pọ̀, ẹ ti rí bó ṣe máa rí lálẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó nìyẹn. Ẹ lè dá a padà bí ẹ bá ti bá ẹni tó tà á fún yín sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ sì wọ̀n ọ́n. Ìdì kan sábà máa ń jẹ́ gíráàmù 100. Irun tó gùn tó íǹṣì 30, tí ó sì jẹ́ gíráàmù 100 náà, mélòó ló máa kù sí ṣóńṣó rẹ̀? Ẹ ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ìrù eku lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní double drawn, wọ́n ti yọ àwọn fọ́nrán kúkúrú kúrò nínú rẹ̀, ìdí dé ṣóńṣó ló nípọn. Ìyẹn ló wọ́n owó.

Bí ẹ bá ń fura pé irun ike ni wọ́n ń tà fún yín ní iye irun ènìyàn, ẹ já fọ́nrán díẹ̀ láti ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ fi iná sí i. Irun ènìyàn á rùn bí ìgbà tí a bá ń wi ìyẹ́ adìyẹ, á sì di eérú. Ike á yọ́, á di kókó líle. Ibi mẹ́ta ni mo ní, torí wọ́n máa ń pò wọ́n pọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́ mi yé sódì. Mi ò bú irun ike. Àtáṣímẹ́ǹtì tí wọ́n fi Kanekalon ṣe, ohun èlò tí ilé iṣẹ́ Kaneka ti ilẹ̀ Japan ń ṣe, ní ìlò tirẹ̀ lórí ìyàwó, mo tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ju èyí tó wọ́n lọ bí a bá fẹ́ dì í pọ̀ sí ìpàkọ́. Ó fúyẹ́. Bí ẹ bá ti fi omi gbígbóná tò ó, bẹ́ẹ̀ ló máa dúró. Òógùn àti òjò ò ní yí i padà. Irun ènìyàn ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá fi iná ká a lóṣù keje, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti tú. Ìyàwó tó ń ṣe tirẹ̀ ní London nígbà ooru tàbí ní Ìbàdàn nígbà hámátàn lè dán irun kíká wò. Ẹni tó ń ṣe é nígbà òjò ní Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan èyí tí a dì. Abẹ́ nẹ́ẹ̀tì, ta ló máa mọ̀ pé àtáṣímẹ́ǹtì ni? Ẹ fi owó tó ṣẹ́kù ra bàtà.

Ẹni tó bá fẹ́ kí irun tirẹ̀ yọ síta níwájú, kó bo ojú ibi tí a rán, ẹ yan irun àfikún tó jọ irun yín bó ṣe máa rí ní ìrọ̀lẹ́. Irun àdáyébá tí a fi áyọ́ọ̀nù nà, bí òógùn bá kàn án, ilé ló ń lọ. Bí ẹ bá wá rán bone straight, irun àfikún tó nà gbọnrangandan, sí i lẹ́yìn, iwájú á ti ká, ẹ̀yìn á ń dán, gbogbo ayé á sì rí ààlà. Irun tó rí bí irun wa tí a fi dráyà nà ló máa bá a lọ dé òpin.

Mo ṣèlérí pé màá dé ibi ẹ̀bátí. Ọ̀rọ̀ frontal ni. Frontal jẹ́ àwọ̀n tín-ín-rín tí wọ́n so irun mọ́, ó sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 13 sí 4, láti etí dé etí, gọ́ọ̀mù ló sì sábà máa ń mú un mọ́ iwájú orí. Closure kéré, íǹṣì 4 sí 4 tàbí 5 sí 5, àárín ló ń jókòó sí, kò nílò gọ́ọ̀mù. Ẹ sọ fún mi, gèlè tó máa bo gbogbo iwájú orí mọ́lẹ̀ láti aago mẹ́wàá títí di ìrọ̀lẹ́, kí ni frontal fẹ́ ṣe lábẹ́ rẹ̀? Orí gọ́ọ̀mù gan-an ni etí gèlè máa jókòó sí. Òógùn á rin ín, gèlè á fún un mọ́lẹ̀, nígbà tí wọ́n bá sì fẹ́ pààrọ̀ gèlè, àwọ̀n á bá a gbéra. Mo ti rí i kí àǹtí ìyàwó máa wá gọ́ọ̀mù kiri nínú gbọ̀ngàn àpèjẹ, alága ń pe ìyàwó, ìyàwó ń sunkún. Ní ọjọ́ gèlè, closure tó. Ọ́tò gèlè tí wọ́n ti rán sílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fa orí, ẹni tí ẹ̀bátí rẹ̀ ti tín-ín-rín, òun ni kó lò. Bí ẹ bá taku pé frontal lẹ fẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù náà tọ́ sí ẹ̀yìn etí tàbí ìgbọ̀nwọ́ nínú, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Rọ́bà wà nínú òmíràn, ara àwọn ènìyàn kan kì í gbà á.

Gígùn ńkọ́? Ẹ rántí iyùn. Irun tó bá gùn kọjá èjìká lọ́jọ́ ìbílẹ̀ á máa wọ́ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, á sì máa há mọ́ ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n to òkúta sí. Íǹṣì 12 sí 14 tó fún ẹni tó bá fẹ́ kó wálẹ̀. Irun tí a dì pọ̀ sí ìpàkọ́ nísàlẹ̀ ló tún dára jù fún ẹni tó máa wé gèlè tí ó sì máa lo nẹ́ẹ̀tì, torí ó fi àtàrí sílẹ̀ fún onígèlè, nẹ́ẹ̀tì náà sì rí ibi mú.

Dídì ìpìlẹ̀ tí a máa rán irun mọ́, ọjọ́ méjì ṣáájú ni kí ẹ ṣe é, kó má ṣe jẹ́ òru ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí ojú bá ń fà sókè nígbà tí onídìrí ṣì ń di, ẹ sọ fún un lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dákẹ́ torí pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Kókó wẹ́wẹ́ tó máa ń yọ létí orí lọ́jọ́ kejì, dídì tó le ló fà á, ìpara ojú ò sì ní bò ó. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìlà ìlàrí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ rí ṣámúṣámú, kì í ṣe ipá.

Tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ ìgbéyàwó, a gbọ́dọ̀ dán an wò. Kì í ṣe pé kí ẹ jókòó wo dígí. Ẹ mú gèlè wá, ẹ mú nẹ́ẹ̀tì wá, ẹ wé e, ẹ tú u, ẹ wé òmíràn, ẹ jó, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní kí ẹnìkan tẹ̀ yín lórí. Ẹ gbé e lọ sílé, ẹ sùn lé e. Ìyàwó nìkan ni kó sì sọ bóyá ó dáa. Mo ti rí ìyá ọkọ, ìyá ìyàwó, ọ̀rẹ́ ìyàwó àti ẹni tó ń ṣètò òde, kí wọ́n pé lé onídìrí lórí, tí ẹnikẹ́ni ò bi olórí léèrè. A kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè méjì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, mo kọ wọ́n síbí torí wọ́n wúlò. Arábìnrin kan béèrè nípa ìsoyìgì, ó ní àáfà àwọn ò fara mọ́ irun àfikún. Púpọ̀ nínú àwọn àáfà ló wà lórí èrò yẹn, kò sì ṣòro rárá. Ẹ kó irun yín ní òwú fún òru kan tàbí méjì, ẹ tú u, ẹ fi jẹ́ẹ̀lì díẹ̀ pa á mọ́lẹ̀, ẹ dì í sí ìpàkọ́, kí ẹ wọ fìlà sílíìkì lábẹ́ híjáàbù kó má baà fa omi ara irun gbẹ. Jẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ni mo ní o. Bí ẹ bá pa á lérí ara, á di funfun, á sì máa ṣí bọ́.

Èkejì ni ìgbà tó yẹ kí wọ́n tú u. Bó bá jẹ́ onígọ́ọ̀mù, ẹ má fi ìkánjú fà á lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ fi òróró tàbí oògùn tó ń yọ gọ́ọ̀mù rin ín, ẹ dúró kó yọ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tí a rán, ó lè wà bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ń lọ ìsinmi létí òkun, ẹ fi omi ṣan iyọ̀ kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí dídì tó wà nísàlẹ̀ gbẹ dénú kí ẹ tó sùn, torí ọ̀rinrin tó bá bà síbẹ̀ á rùn. Ọkọ lè bá yín tú u o, bó bá ní sùúrù, tí abẹ́ rẹ̀ ò sì mú jù. Lẹ́yìn náà, kí orí sinmi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó di òmíràn.